Ọkọ̀ Dúró, Ṣùgbọ́n Ara Kò Dúró

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ táyà àti bíréèkì nínú ojú ìwé ìlera. Ẹni tí ó bá jókòó ní dìsípẹ́ńsárì pẹ̀lú wa ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ kò ní bi mí ní ìdí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ oṣù mẹ́wàá, sáré wọlé tọ̀ wá wá. Láti Ibafo ni wọ́n ti wọ ọkọ̀, Mowe ni wọ́n ń lọ. Iwájú ni ìyá jókòó sí, ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Ọkọ̀ kan dúró lójijì níwájú wọn. Awakọ̀ tiwọn tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń yọ̀ lórí omi títí ó fi lọ kọ lu ìdí èkejì. Orí ọmọ gbá pátákó iwájú ọkọ̀. Ohun tí ìyá náà ń tún sọ ṣáá ni pé, "Nọ́ọ̀sì, mo dì í mú o! Mo dì í mú dáadáa!"

Òótọ́ ni ó ń sọ, ó dì í mú. Ṣùgbọ́n kò sí apá ìyá tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sì ṣàlàyé rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ òfin ìrìn sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1687. Ohun tí ó bá dúró yóò máa dúró, ohun tí ó bá ń lọ yóò sì máa lọ tààrà láì dín eré kù, àfi bí agbára mìíràn bá dá sí i. Ẹ wo àgbá omi ní ẹ̀yìnkùlé. Bí ọmọkùnrin méjì tí agbára wọn dọ́gba bá ń tì í, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àgbá kò ní kúrò níbẹ̀, nítorí pé agbára méjèèjì ti pa ara wọn. Bí ọ̀kan bá jáwọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni àgbá yóò máa bọ̀.

Ohun tí ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbà ni pé bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú ọkọ̀ tí ń sá eré kan náà lọ. Ẹ́ńjìnnì ń tì í síwájú, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ ń dá a dúró, agbára wọn dọ́gba, ara èrò sì balẹ̀ bí ẹni tí ó jókòó ní pálọ̀. Kò rántí pé òun náà ń sáré pẹ̀lú ọkọ̀. Nígbà tí bíréèkì bá dé, ọkọ̀ ni bíréèkì mú, kò mú èrò. Èrò yóò máa lọ títí nǹkan yóò fi dá a dúró: bóyá bẹ́líìtì, bóyá gíláàsì.

Eré 50 kílómítà ní wákàtí kan kì í jọ eré lójú wa mọ́. Ẹni tí ó bá fi irú eré bẹ́ẹ̀ kọ lu nǹkan dà bí ẹni tí ó já bọ́ láti orí ilé alájà mẹ́ta, tí gíga rẹ̀ tó mítà 10. Ní ìṣẹ́jú àáyá náà, ọmọ tí ó wọn kílò 10 yóò fa apá ìyá rẹ̀ bí ẹrù kílò 250, èyí ni àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún. Ta ni yóò gbé e?

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí ń dá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dúró. Ìdìmú ni, bí táyà ṣe ń ha títì tí ó sì ń dì í mú. Ẹni tí ó bá ti fọ abọ́ rí mọ̀ pé ọwọ́ tí ọṣẹ wà kì í lè di nǹkan mú. Omi òjò àti epo dísù tí ń jò láti inú àwọn ọkọ̀ ńlá ni ọṣẹ ti títì. Òjò àkọ́rọ̀ ló burú jù, nítorí eruku àti epo tí ó ti kó jọ láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ yóò pò pọ̀ mọ́ omi. Táyà tókunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ti jẹ tán kò ní ihò tí omi lè gbà jáde, orí omi ni yóò sì máa léfòó lọ.

Lórí títì gbígbẹ, ọkọ̀ tí ń sá 50 kílómítà yóò lo bí mítà 14 kí ó tó dúró lẹ́yìn tí a bá tẹ bíréèkì. Bí ó bá jẹ́ 100 kílómítà, kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni, bí mítà 56. Bí ilẹ̀ bá tutù, ó lè tó mítà 100. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ wo bí àwọn ọkọ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ara wọn nínú òjò, kí ẹ sì sọ fún mi ibi tí mítà 100 wà.

Ẹ̀yin ará Ifo tí ẹ ń ré ojú irin kọjá, tiyín tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin lórí irin kò ní ìdìmú púpọ̀. Ìdí nìyí tí rélùwéè fi ń fa ẹrù ńlá pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ìdí nìyí náà tí ó fi lè lo kílómítà kan kí ó tó dúró. Awakọ̀ rí yín, ó sì ti tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n kò lè rí i dúró.

Ní ọdún 1959 ni Nils Bohlin ti ilé iṣẹ́ Volvo ṣe bẹ́líìtì tí ó gba èjìká àti ìbàdí kọjá, irú èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ wa lónìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lè dín ewu ikú kù tó ìdajì. Ẹ̀yin aláboyún, ẹ má ṣe sọ pé yóò fún ọmọ inú pa. Kí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ ikùn, lórí egungun ìbàdí, kí apá òkè gba àárín ọmú méjèèjì. Ẹ má ṣe de bẹ́líìtì kan mọ́ ìyá àti ọmọ pọ̀, nítorí ìyá ni yóò fi ara tẹ ọmọ náà. Ẹ̀yìn ni àyè ọmọdé, lórí ìjókòó tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ dánfó kò ní bẹ́líìtì lẹ́yìn rárá. Síbẹ̀, ẹ̀yìn sàn ju iwájú lọ, ẹ sì ní ẹnu láti sọ fún awakọ̀ pé kí ó rọra.

Ní ti ọ̀kadà, ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2009 tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn tí kò dé àṣíborí, tí àwọn kan dé igbá, tí àwọn mìíràn sì dé ike ọ̀dà. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n tìmùtìmù inú àṣíborí tòótọ́ ni ó ń fún orí ní àyè láti dúró díẹ̀díẹ̀. Igbá yóò fọ́, agbárí yóò sì tẹ̀ lé e.

Ọpọlọ pẹ̀lú ń rìn nínú agbárí. Orí lè dúró láì sí ọgbẹ́, kí ọpọlọ lọ kọ lu egungun nínú lọ́hùn-ún. Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ju kókó kékeré kan lọ níwájú orí, ṣùgbọ́n ó bì lẹ́ẹ̀mejì lójú wa, oorun sì ń kùn ún ní àkókò tí kì í sùn. A kò dá a dúró. Ilé ìwòsàn ńlá ni a dárí wọn sí, wọ́n sì dá a dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ẹni tí ó gbá orí bá ń bì, tí ó ń tòògbé, tí gìrì mú un, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, tàbí tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan mọ́, ẹ má ṣe bu omi tàbí epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì ṣe fi ọrùn fà á jáde nínú ọkọ̀ àfi bí iná bá ń jó. Ẹ pe nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, 122. Wọn kì í gba owó fún un.