Ikọ́ tí fọ́tò kò lè yà

Ìbéèrè: Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí mo ti ń wúkọ́. Fọ́tò àyà mi mọ́; kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò sí ásímà. Ṣé èrò ọkàn mi ló ń ṣe mí ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Fọ́tò kì í ya iṣan ìmọ̀lára tó ti ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ọpọlọ. Bí nǹkan bá ha ọ̀fun, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ a tú kẹ́míkà ATP síta, ATP náà a lẹ̀ mọ́ ibi kan lára iṣan tó ń jẹ́ P2X3, iṣan a sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ó di ikọ́. Lára àwọn kan, iṣan yìí ti di onífura jù: òórùn lọ́fínńdà, afẹ́fẹ́ tútù, àní ẹ̀rín lásán, ó tó. Oògùn gefapixant, tó ń dí P2X3, ń dín irú ikọ́ yìí kù. Jàpáànù fọwọ́ sí i ní 2022. (Oògùn náà máa ń ba ìtọ́wò jẹ́, torí ATP náà ni ahọ́n ń lò.)

Ẹnìkan lè ní Amẹ́ríkà ṣáà kọ̀ ọ́ ní 2023, pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé iṣan kò lọ́wọ́ nínú ikọ́: kẹ́míkà kan ṣoṣo kọ́ ni iṣan ń gbọ́. Lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ń jẹ́ kí kẹ́míkà bradykinin gbára jọ, ó sì ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan. Nínú ásímà pàápàá, tí wíwú ọ̀nà atẹ́gùn jẹ́ olórí ẹjọ́ rẹ̀, kẹ́míkà acetylcholine láti ara iṣan wà lára ohun tó ń fún ọ̀nà náà pọ̀.

Bí ẹ bá ń lo lisinopril, ẹ sọ fún dókítà yín. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.