Àbẹ̀ní, Lọ Kó Àjọ Rẹ

Dagenham,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ òru o. Àkànní ọmọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ náà ti fi í sílẹ̀? Ara tèmi le, àfi orúnkún tó máa ń rán mi létí pé mo ti dàgbà.

Láti ọjọ́bọ̀ tí a ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni oorun kò ti kùn mí dáadáa. O ní o san ogójì pọ́n-ùn fún ẹnì kan kí ó bá ọ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o sì tún san owó ìtẹ̀wé lọ́tọ̀. Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò lọ sí láíbìrì. Ẹ̀rín lo rín. O ní, "Mọ́mì, èmi kì í ṣe ọmọ iléèwé mọ́. N kò sì fẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan ọ̀fẹ́."

N kò bá ọ wí, nítorí èmi náà ti rin ọ̀nà yẹn rí. Lọ́dún tí mo dé, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni mo kó fún ọkùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù kan pé kí ó bá mi kọ fọ́ọ̀mù. Orúkọ bàbá mi ló kọ síbi tó yẹ kí ó kọ tèmi sí. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà, owó mi kò padà. Ìyá ará Jàmáíkà kan tí a jọ ń tún ọ́fíìsì ṣe ló fà mí lọ́wọ́ wọ láíbìrì. Mo bá fọ́ọ̀mù kan náà níbẹ̀, mo bá tábìlì, mo bá obìnrin kan tó fi sùúrù ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sí mi létí. Sísì kò jáde lápò mi. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé mo ní kànga lẹ́yìnkùlé, mo sì ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti ń wá. Nílé, ìdánwò ló ń gbé wa dé láíbìrì. Bí WAEC bá ti parí, ó di gbére. Ṣùgbọ́n ti ìtìjú nípa "ọ̀fẹ́" ni mo fẹ́ kí a yanjú lónìí.

Ṣé o rántí alájọ tó máa ń wá bá ìyá tó bí ọ ní ọjà Ìtòkú? Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ bá fẹ́ kó o, ṣé ó máa ń tijú? Ṣé ó máa ń pè é ní ọ̀fẹ́? Owó rẹ̀ ni, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ gbà á. Bí láíbìrì ṣe rí gan-an nìyẹn. Inú owó orí káńsù tí a ń san lórí ilé, àti inú owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó iṣẹ́ ẹni kó tó tẹ ẹni lọ́wọ́, ni owó rẹ̀ ti ń wá. O lè ní yàrá lásán lo gbà, o kì í san owó káńsù. Ta ló sọ fún ọ pé onílé kò ti kà á mọ́ owó yàrá?

Àjọ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1850 ni òfin kọ́kọ́ gba àwọn ìlú tí èrò wọn ju 10,000 lọ láyè láti máa gba ààbọ̀ pẹ́nì lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan nínú owó orí ilé, kí wọ́n fi dá láíbìrì sílẹ̀. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé òfin náà kò jẹ́ kí wọ́n fi owó yẹn ra ìwé! Kọ́ ìsọ̀, ṣùgbọ́n má ra ọjà sínú rẹ̀. Ìgbà tó di 1855 ni wọ́n sọ ọ́ di odidi pẹ́nì kan, tí wọ́n sì gbà kí a fi ra ìwé. Òfin 1964 ló wá sọ ọ́ di dandan fún káńsù: ẹni tó ń gbé àdúgbò, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó ń kàwé níbẹ̀ lójoojúmọ́, gbogbo wọn ló ní ẹ̀tọ́ sí i, káńsù kò sì gbọdọ̀ gba owó lórí ìwé tí wọ́n bá yá. Ilford, lábẹ́ Redbridge, lo ń gbé, Barking ni ilé àwọn arúgbó tí o ti ń ṣiṣẹ́ wà. Ibi méjì ni àjọ rẹ wà, Àbẹ̀ní, o kò sì kó ọ̀kan.

Bí o bá jáde ní stéṣọ̀n Barking, kọjú sí gbọ̀ngàn ìlú. Ní Town Square, inú Barking Learning Centre tí wọ́n ṣí lọ́dún 2007, ni láíbìrì náà wà. Tèmi ni ti Dagenham ní Church Elm Lane, nítòsí Heathway, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2010.

Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀? O ní o fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ìbéèrè 50 ló wà nínú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà rẹ̀, o gbọ́dọ̀ gba 43. Má tíì ra ìwé kankan. Lọ yá a. Bó bá di ọjọ́ tí o máa jókòó fún ìdánwò tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó fún ni ní ìwé ìgbélùú títí ayé, ìbéèrè 24 ni láàárín ìṣẹ́jú 45, 18 lo gbọ́dọ̀ gbà. Wá ìwé tìyẹn náà níbẹ̀. O ní nọ́ọ̀sì lo fẹ́ dà: béèrè Access to Research. Láti orí kọ̀ǹpútà láíbìrì tó bá wà nínú ètò náà lèèyàn ti lè ka ìwádìí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láìsan kọ́bọ̀. Ní ti Àkànní, bí wọ́n bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, mú un lọ forúkọ sílẹ̀ fún Summer Reading Challenge. Láti 1999 ni wọ́n ti ń ṣe é: ọmọ á ka ìwé mẹ́fà, wọ́n á sì yìn ín. Ìyẹn sàn ju kí fóònù máa tọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí náà. Òṣìṣẹ́ láíbìrì kì í ṣe lọ́yà. Yóò fi ibi tí fọ́ọ̀mù wà hàn ọ́, yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ físà, ọ̀dọ̀ ẹni tí òfin fún láṣẹ ni kí o gbé e lọ. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo ayé: bí o bá ti yẹ báǹkì rẹ wò tán, jáde pátápátá kí o tó dìde.

Lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, lọ sí Valence House. Wọn kì í gba owó ìwọlé, ibẹ̀ sì ni wọ́n kó àkọsílẹ̀ àdúgbò yìí pa mọ́ sí. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo mọ̀ pé àlejò ni gbogbo wa. Lọ́dún 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Becontree, ilé bí 26,000, fún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n há mọ́ra nínú yàrá kóńkó ní ìlà-oòrùn London. Àwọn òyìnbó tí o rò pé wọ́n ń wò ọ́, ọmọ-ọmọ àwọn tó ṣí wá ni púpọ̀ nínú wọn. Kí o sì béèrè nípa àwọn obìnrin 187 tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ ní Ford Dagenham. Lọ́dún 1968, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí pé iléeṣẹ́ náà ka iṣẹ́ ọwọ́ wọn sí iṣẹ́ ẹni tí kò mọṣẹ́. Òfin owó dọ́gba ti 1970 tẹ̀lé e. Ìwọ tí o ń gbé arúgbó sókè sódò lóru, ó yẹ kí o mọ ẹni tó ti bá ọ jà kí wọ́n tó bí ọ.

Ohun kan ló kù. Àjọ tí a kò bá kó, ẹlòmíràn á ná an. Láti 2010, ọ̀pọ̀ káńsù ní ilẹ̀ yìí ló ti ti láíbìrì pa nítorí owó, ibi tí ẹsẹ̀ kò sì pọ̀ sí ló máa ń kọ́kọ́ yá wọn láti tì. Nítorí náà, wọlé, gba káàdì, yá ìwé, kí o sì béèrè ìwé Yorùbá fún Àkànní. Bí wọn kò bá ní i, ní kí wọ́n kọ ìbéèrè rẹ sílẹ̀. Ẹnì kan béèrè, wọ́n lè gbàgbé. Bí ogún ìyá bá béèrè, wọ́n á wá a.

Pàdé mi lẹ́nu stéṣọ̀n Barking lọ́jọ́ Sátidé. Mú lẹ́tà tí orúkọ àti adírẹ́sì rẹ wà lórí rẹ̀ dání, kí o sì mú ọmọ náà wá, ó yẹ kí òun náà ní káàdì tirẹ̀. Má gbàgbé ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ogójì pọ́n-ùn yẹn. A ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò, ká mọ̀ bóyá orúkọ rẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀, tàbí ti bàbá rẹ.

Èmi ni,
Mọ́mì Dagenham.