Bí Ara Bá Ń Rù, Ọkàn Ń Kọ́?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí ọlọ́yàyà bá ń rù, tí ó ń kanra, ẹ má tètè sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ó ń jẹ. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1944 sí 1945, Ancel Keys dín oúnjẹ ọkùnrin 36 tí ara wọn le kù fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Ìbànújẹ́ dé, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò ṣáá.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kó ẹ̀wà lọ sí Kasuwar Kara ní Ṣókótó, ẹ má ta ti ilé mọ́ ọn. Túwó jéró kì í ṣe iyán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sàn ju àwẹ̀ lọ.

Ìbànújẹ́ náà a máa pa oúnjẹ mọ́ni lẹ́nu. Ẹni tí ó sì ń jẹun dáadáa tí ó ṣì ń rù, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà: ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àtọ̀gbẹ.