Ẹnu Rẹ Ló Lé Wọn Lọ

Ṣadé, jókòó síbí, má tíì lanu. O lọ sí Lekki Conservation Centre, o wá ní o ò rí ẹyẹ kankan? Aago mélòó lo débẹ̀? Aago kan ọ̀sán! Nínú oòrùn ganrínganrín, tí ẹyẹ ti jẹun tán, tó ti wábi forí pamọ́ sí! Ọmọ Okokomaiko tó bá fẹ́ wo ẹyẹ ní Lekki, ìdájí ló ń jí. Sáré dé Mile 2 kí ọ̀nà Badagry tó dí, wọ rélùwéè dé Marina, kí o tibẹ̀ wọ ọkọ̀ Ajah. Ní Chevron lo ó ti sọ̀.

Aṣọ wo lo tún wọ̀? Pupa yòò! Lọ́fíńdà ń ta sánsán, ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń pariwo fọ́tò. Àwọn àgbà ní ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ní tìẹ, ẹnu rẹ ló lé òrofó lọ.

Afárá orí igi tí wọ́n ṣí ní 2015 yẹn gùn tó mítà 401. Wọ́n ta á sókè kí èèyàn lè rìn níbi tí ẹyẹ ń gbé. Ìwọ sáré kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé! Ká ní o dúró jẹ́ẹ́ ni, àwọn ni ì bá wá wò ọ́.

O tún ju búrẹ́dì sí ọ̀bọ, àbí? Ọ̀bọ tó bá ti mọ adùn búrẹ́dì, ọwọ́ àlejò ló máa ń já. Tó bá gba báàgì rẹ lọ́la, wàá ní ọ̀bọ burú.

Gbọ́, ọmọ mi. Héktà 78 péré ni ibẹ̀, láàárín ọ̀sà àti òkun, irà lápá kan, ọ̀dàn lápá kan. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló dá a sílẹ̀ ní 1990. Ilé ti yí i ká báyìí. Ọ̀nì, awọ́nríwọ́n àti ìgalà inú ẹ̀ ò níbòmíì tí wọ́n ó sá sí. Ilé onílé lo wọ̀ láìkágò.

Sátidé tó ń bọ̀, a jọ ń lọ ni. Wọ aṣọ tó jọ ewé, fi lọ́fíńdà sílé, mú omi dání, kí o sì kó ọ̀rá rẹ padà wálé. Bí o bá tún pariwo, èmi gan-an ni mo máa lé ọ jáde. Ó yá, lọ bu oúnjẹ.