Òjò Kì Í Jò

Ètò àwọn àgbẹ̀ ni mo ń gbọ́ lórí rédíò kan ní Òṣogbo. Olóòtú ń ṣàlàyé ìdí tí ẹ́ńjìnnì agégi tí wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò padà, fi ń pariwo tí kò fẹ́ rọlẹ̀. "Atẹ́gùn ló ń jò nídìí kábúrétọ̀," ó ní. Orí mi gbóná. Ó ń jò lọ síbo? Ńṣe ni atẹ́gùn yẹn ń wọlé, kò jáde.

Mo mọ ohun tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan máa fi dá mi lóhùn: ulé tó ń jò ńkọ́? Ṣé òjò kì í ti ìta wọlé ni? Ó ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbólóhùn náà gbọ́: ilé ló ń jò, òjò kọ́. Òjò rọ̀, ilé jò. Ẹni tó bá dúró ní Ọjà Ọba tó ní "òjò ń jò," àwọn ọmọdé á fi ṣẹ̀sín dalẹ́. Ohun tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé, lójú tèmi, inú jò yìí gan-an ni a ti yọ òjò. A bí ọmọ, a sì ní kò gbọdọ̀ bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ kan náà.

Ẹ̀sùn ni jò. Ohun tí a ní kó dènà, tí kò dènà mọ́, la fi ń kàn: àmù, òrùlé, agbè, ọkọ̀ ojú omi. Bóyá nǹkan bọ́ síta ni o, bóyá ó yọ́ wọlé ni o, jò ò bìkítà. Omi fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: ó ń kán, ó ń ro, ó ń sun. Ihò tó sì gbà kọjá, ńṣe ló lu. Gbogbo èyí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ọdún 1843 ni Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ó di 1929 kí Andreas Stihl tó gbé ẹ̀rọ agégi onípẹtiróòlù jáde ní Jámánì. Jò ló bá ẹ́ńjìnnì pàdé, ẹ́ńjìnnì ò bí jò.

Ó dáa, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ọ̀hún? Rọ́bà kan àti gásíkẹ́ẹ̀tì ló wà láàárín kábúrétọ̀ àti sìlíńdà. Bí písítìnì bá ń lọ sókè, ibẹ̀ ló ti ń fa atẹ́gùn wọlé, pẹ̀lú pẹtiróòlù tí wọ́n ti po ọ́yìlì mọ́. Bí rọ́bà náà bá ti sán, tàbí tí ẹni tó tò ó padà ṣahun, tó dá gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa fa atẹ́gùn tí kò gba ẹnu kábúrétọ̀ kọjá. Epo ò ní tó atẹ́gùn mọ́. Agégi á ká ọwọ́ kúrò níbi tó ti ń tẹ epo sí i, ariwo ò ní lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú pẹtiróòlù yẹn ni ọ́yìlì ń bá wọlé. Bó bá ti dín kù, ooru á mú písítìnì, á sì ha.

Ẹ bi mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ní Iléṣà, kò ní dárúkọ jò rárá. "Éà ló ń fà," ni ẹ máa gbọ́. Òyìnbó ni éà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n fà bọ́ sí i. Rọ́bà ló ń jò, ẹ́ńjìnnì ló ń fà, atẹ́gùn kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Àfi lórí tábìlì mẹkáníìkì. Á dí ẹnu kábúrétọ̀ àti ojú sàláńsà pa, á rọra fún atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, á sì da omi ọṣẹ sí i lára. Ibi tí ìfófò bá ti ń yọ, ibẹ̀ náà ni. Bó bá jẹ́ ìdí rọ́bà, á pààrọ̀ rẹ̀ àti gásíkẹ́ẹ̀tì, á ha ojú irin méjèèjì mọ́ kó tó dè é. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ irin tó ń yí ni, síìlì ló kàn. Kò ní fi gọ́ọ̀mù dí i, torí ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù ni pẹtiróòlù ń yọ́. Lórí tábìlì yìí, níbi tí atẹ́gùn ti ń jáde síta, bí olóòtú bá ní atẹ́gùn ń jò, màá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Àbí kí n ti gbà tán? Táyà ń jò, kò sí ẹni tó bínú. Atẹ́gùn táyà náà ti wá ń jò lẹ́nu gbogbo fọgannáísà. Gáàsì ń jò, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn: ẹni tó gbóòórùn rẹ̀ nínú ilé ìdáná kò ráyè gírámà. Ṣùgbọ́n "ìbéèrè ìdánwò ti jò" tí wọ́n tún ń kà nínú ìròyìn, nígbà tí lu síta àti tú síta jókòó síbẹ̀ láìríṣẹ́ ṣe, ìyẹn ni n kò tíì gbà.