Pákó Mẹ́wàá Lórí Ara Wọn

Baltimore

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí fọ́tò pákó kédà tí o fi ránṣẹ́. O ní ọ̀sán Sátidé kan ni o máa fi là á tán, kí o lè tètè kan ọkọ̀ rẹ. Ibẹ̀ ni mo ti ní ọ̀rọ̀ bá ọ sọ.

Igi kan ṣoṣo ni bàbá bàbá rẹ fi ń gbẹ́ ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ìwọ á kọ́kọ́ la igi sí tẹ́ẹ́rẹ́, kí o tó tún un tò pọ̀. Nítorí náà, ẹnu ayùn ni ọkọ̀ tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Íǹṣì 1/4 ni kí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan nípọn. Bí ayùn rẹ bá ń jẹ íǹṣì 1/8, ìdá kan nínú mẹ́ta igi tí o rà ti di eruku nìyẹn. Wá ayùn tó tín-ín-rín. Má fi ọwọ́ ti ìdí pákó kọjá ayùn. Igi ni kí o fi tì í, ìka kì í hù padà. Bo imú rẹ dáadáa pẹ̀lú, torí eruku kédà pupa lè fa ikọ́ fée.

Bí àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ náà ṣe ń jáde, kọ nọ́ńbà sí wọn, kí àwọ̀ apá ọ̀tún àti apá òsì lè bára mu. Èyí tí kò bá gùn tó, gé orí rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ íǹṣì 2, kí o tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì.

Ní ti ọkọ̀ mi àkọ́kọ́, n kò wọn àwọn pákó rẹ̀. Òmíràn fi bíńtín nípọn ju èkejì lọ. Mo ń fi sáńpépà lé ibi tó ga, títí ibi tó fẹ́lẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Oṣù kan gbáko ni mo fi tún un ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nítorí náà, kó pákó mẹ́wàá lé ara wọn, kí o wọ̀n wọ́n lórí, láàárín àti nídìí. Bí kò bá pé íǹṣì 2 àtààbọ̀ géérégé níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pa ayùn, kí o tún un tò.

Fọ́tò ọkọ̀ kọ́ ni mo ń retí báyìí. Ti pákó mẹ́wàá yẹn ni, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ