Ọjọ́ Kan ní Èbúté Freetown

Ẹ̀kọ́ ti òní gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò le. Ẹ rọra kà á. Ibi tí ó bá ti rẹ̀ yín, ẹ fi àmì síbẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní kíláàsì wa ní Òmù-Àrán, ìyá kan mú àwòrán kan wá. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Amẹ́ríkà ni ó fi ránṣẹ́ sí i. Ọmọ náà, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn dúró ní etí òkun. Ọkọ̀ ojú omi kan wà lẹ́yìn wọn tí ó ga bí òkè. Ìlú Nassau ni wọ́n wà, ní erékùṣù Bàhámà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ń gbafẹ́ wá sí ibẹ̀. Ní òwúrọ̀ wọn á sọ̀kalẹ̀, wọn á rìn kiri ìlú, wọn á wẹ̀ nínú òkun, wọn á ra nǹkan díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ wọn á padà wọ ọkọ̀, ọkọ̀ á sì ṣí.

Gbogbo kíláàsì wo àwòrán náà títí. Ìyá náà wá bi mí pé, "Tíṣà, bí wọ́n bá pẹ́ lórí ilẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọkọ̀ á dúró dè wọ́n ni?"

Mo ní kò ní dúró. Ó ní, "Yéè!" Ni mo bá rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àgbà. Ti wọn yàtọ̀ o. Àwọn kò pẹ́. Wọ́n yá jù ni.

Ní oṣù February 1964, wọ́n rán Bàbá Àgbà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní ìlú Òyìnbó. Ó mú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, dání. Wọ́n wọ mọ́tò láti Òmù-Àrán dé Ọ̀fà, wọ́n wọ rélùwéè láti Ọ̀fà dé Ìddó, wọ́n sì wọ ọkọ̀ òkun ní Àpápá. Ọkọ̀ mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ Elder Dempster ń lò nígbà náà láti kó èrò àti lẹ́tà láàárín Èkó àti Liverpool. Orúkọ wọn ni Accra, Apapa àti Aureol. Aureol ni ó tóbi jù, òun ni àwọn ènìyàn wa sì wọ̀. Ọdún 1951 ni wọ́n gbé e sójú omi ní Glasgow, ó sì ń ná ọ̀nà Èkó títí di 1974. Á kọ́kọ́ dúró ní Takoradi ní Ghana, lẹ́yìn náà Freetown ní Sàró, lẹ́yìn náà Las Palmas, kí ó tó dé Liverpool.

Òkun kò jẹ́ kí Ìyá Àgbà gbádùn. Èébì ni ó ń bì láti Èkó dé Takoradi, wọn kò sì sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Freetown, ara rẹ̀ ti yá. Ó fi ìró àti bùbá tuntun sí ara, ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

Ní ẹnu àbájáde ọkọ̀, pátákó kan wà tí wọ́n fi ẹfun kọ nǹkan sí. Bàbá Àgbà kà á fún ìyàwó rẹ̀: kí gbogbo èrò ti padà sínú ọkọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Aago mẹ́wàá ni. A ní wákàtí mẹ́fà."

Ìyá Àgbà gbé ojú sókè. Aago ńlá kan wà lára ògiri lókè àtẹ̀gùn. Ọwọ́ kékeré rẹ̀ wà lórí 9, ọwọ́ gígùn wà lórí 12. Ó tún un wò. Kò tíì pé ọdún kan tí ó kọ́ aago kíkà ní kíláàsì alẹ́. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, bóyá aago ara ògiri ni kò dára, bóyá ojú òun ni. Kò sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí yìí díẹ̀, nítorí aago méjèèjì ni ó dára. Oòrùn kì í yọ ní gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Apá ìlà oòrùn ni Òmù-Àrán wà sí Freetown, nítorí náà ojúmọ́ a máa mọ́ wa kí ó tó mọ́ wọn, ó sì lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Ìdí nìyí tí aago tiwọn fi wà lẹ́yìn tiwa. Bí aago mẹ́jọ bá lù níbí, aago méje ni ní Freetown, aago méje náà ni ní Ghana. Mẹ́kà ní tirẹ̀ fi wákàtí méjì ṣíwájú wa. Ẹ̀yin tí ẹ ní ènìyàn tí ó lọ Hájì, ẹ rántí rẹ̀ kí ẹ tó fi fóònù jí wọn lóru. Ọkọ̀ òkun a máa yí aago rẹ̀ padà bí ó ti ń lọ. Alẹ́ tí wọ́n ń súnmọ́ Takoradi ni Aureol yí tirẹ̀. Bàbá Àgbà ń fi ọwọ́ wín aago tirẹ̀ lálaalẹ́, kò gbàgbé rí, ṣùgbọ́n kò yí ọwọ́ rẹ̀ padà. Aago Nàìjíríà ni ó wọ̀ lọ sí ìlú Freetown.

Wọ́n wọ takisí lọ sí àárín ìlú. Wọ́n rí igi àràbà ńlá tí ó dúró síbẹ̀ láti ayé àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ìlú náà dó. (Ẹ̀yin tí ẹ bá lọ síbẹ̀ nísinsìnyí kò lè rí i mọ́. Ìjì wó o ní May 2023.) Wọ́n rí ẹnubodè òkúta kan ní tòsí òkun, Bàbá Àgbà sì ka ohun tí wọ́n gbẹ́ sí i lára. Ọdún 1817 ni wọ́n kọ́ ọ, fún ilé ìwòsàn àti ilé ààbò àwọn ọmọ ènìyàn dúdú tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ ẹrú dúró lójú òkun. Wọ́n kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wá sí Freetown, iye wọn sì súnmọ́ 100,000 kí ó tó parí. Ogun tí ó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, àti àwọn ogun tí ó tẹ̀ lé e, mú kí Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Nítorí pé "ẹ kú" ni wọ́n fi ń kí ara wọn ní gbogbo ìgbà, àwọn ará ibẹ̀ sọ wọ́n ní Akú. Títí di òní, àwọn ará Freetown ń sọ aṣọ ẹbí, àwùjọ, àkàrà, ògìrì. Ìsọmọlórúkọ, komojade ni wọ́n ń pè é. Ẹ sọ ọ́ jáde kíákíá, ẹ ó gbọ́ ohun tí ó jẹ́. Ìlú Nassau tí ọmọ ìyá inú kíláàsì wa lọ pàápàá ní tirẹ̀. Ní Fox Hill níbẹ̀, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Nango Town, orúkọ Nàgó, ìyẹn Yorùbá, ni.

Nígbà tí oòrùn ti rékọjá àtàrí, takisí gbé wọn padà sí Cline Town, ní tòsí èbúté. Ilé òkúta gíga kan wà níbẹ̀. Bàbá Àgbà ní, "Ìyá ọmọ mi, wo ilé yẹn dáadáa." Ilé Fourah Bay College àtijọ́ ni. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1827, Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú ní 1822, sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé òkúta náà fúnra rẹ̀ dé lẹ́yìn náà, láàárín 1845 sí 1848. Iná jó o ní 1999, ògiri ni ó kù. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti lọ sórí òkè tipẹ́, òkè Aureol, níbi tí ọkọ̀ wọn ti gba orúkọ.

Inú ìlú yìí ni wọ́n ti gbé èdè wa lé ìwé. Míṣọ́nnárì kan tí ń jẹ́ John Raban kó ọ̀rọ̀ jọ láti ẹnu àwọn Akú, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín 1830 sí 1832. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Crowther tẹ̀ lé e ní 1843. Ní January 1844, ó wàásù ní Yorùbá ní Freetown fún àwọn tí a kó wá síbẹ̀ ní ẹrú. Ẹ fi ìka yín lé ẹ àti ọ inú ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí. Ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n gbà wá.

Obìnrin arúgbó kan ń din àkàrà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o!" Ọ̀sán ti pọ́n, ṣùgbọ́n ìkíni tí ó rántí nìyẹn. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ kí i. Arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi í sílẹ̀. Yorùbá tirẹ̀ kò pọ̀, ó ń lẹ Krio mọ́ ọn. Ó ní ọmọdébìnrin ni ìyá ìyá òun nígbà tí wọ́n gbé e dé. Ìyá Àgbà bi í ní orúkọ ìyá náà. Ó ní orúkọ tí òun gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni Ogbomọna.

Ẹ̀yin ará Ìgbómìnà, ṣé ẹ gbọ́? Ògbó mọ̀nà! Ògbó, àdá tí Ọ̀ràngún fi la igbó, tí a ní ó mọ ọ̀nà, tí àwọn bàbá wa fi sọ wá lórúkọ. Ìlú rẹ̀ ni ìyá náà ń wí, àwọn ọmọ rẹ̀ fi pe orúkọ.

Ìyá Àgbà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Arúgbó náà ní òun ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan nílé tí ó rántí oríkì ìyá àgbà wọn, òun yóò ní kí ọmọ òun kọ ọ́ sí lẹ́tà. Ibo ni kí ó kọ ọ́ sí? Ìyá Àgbà mú pẹ́ńsù àti ewé ìwé kan jáde. Ó fi í lé orókún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ìlú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá, ẹ mọ bí ó ti ń rí. Ó kọ Ò, ó kọ m, ó kọ ù.

Bàbá Àgbà wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú ogún! Ọkọ̀ á fi wá sílẹ̀!" Ó gbé ọmọ sí èjìká, ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ju ewé ìwé náà sí arúgbó náà lẹ́sẹ̀, wọ́n sì sáré.

Nígbà tí wọ́n gun ọkọ̀, aago ara ògiri wà ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Bàbá Àgbà gbé aago tirẹ̀ sí etí. Ó ń ṣiṣẹ́. Ìyá Àgbà ní, "Mo rí i láàárọ̀ pé wọn kò dọ́gba."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ so aago mọ́wọ́."

Bàbá Àgbà kò jiyàn. Ó sọ̀kalẹ̀, òun nìkan, ó sáré padà sí Cline Town. Eérú gbígbóná ni ó bá. Arúgbó náà ti kó agbada rẹ̀ lọ. Ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọdé, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Kò mọ orúkọ rẹ̀.

Lẹ́tà kò dé. Bí wọ́n bá kọ ọ́, ibo ni ilé ìfìwéránṣẹ́ yóò gbé e lọ? Òmù-Àrán wà, Òmùpo wà, Òmù-Èkìtì wà, Òmù-Ìjẹ̀bú wà. Nígbà tí wọ́n padà dé láti ìlú Òyìnbó, Ìyá Àgbà a tún máa bèèrè ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Èmi pàápàá tẹ̀ lé e lọ nígbà tí mo wà ní ọmọdé.

Ní Las Palmas, níbi tí ọkọ̀ tún ti dúró, òun ni ó so aago náà mọ́ ọwọ́ sọ̀kalẹ̀.